Itan Àgbò Tí Mo Dá Padà

                                        Ilé Kẹtàlá, Òpópónà Adéṣẹ́yẹ,
                                        Àgùdà, Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Múyìwá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyá arúgbó Júù tí ò ń tọ́jú ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ọ jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀? Mo gbọ́ nínú rédíò pé wọ́n ti dáwọ́ ìbọn dúró lọ́dọ̀ yín, pé àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn ti ń padà sílé, pé àwọn ará Gásà náà ti ń padà lọ wo ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn, láìsí pé fèrè ìkìlọ̀ ń jí yín sá wọ abẹ́ ilẹ̀? Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tọ́jọ́.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Fúnlọ́lá ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ léèrè omi tí o lọ rà. O rántí ṣá. Lọ́dún 2014 tí a jọ lọ sí Jerúsálẹ́mù, àárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà sílé, o ní kí n bá ọ di báàgì rẹ mú, o fẹ́ sáré ra omi lódìkejì títì. Omi yẹn ti gba ọdún mọ́kànlá báyìí, Ísírẹ́lì lo sì wà títí dòní. Báàgì rẹ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà rẹ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ kejì, èmi ò mọ ibi tó gbà.

Wàá máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ọmọ iléèwé, nígbà tí fóònù wà. Fóònù ló ba ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí jẹ́, mi ò lè fi sọ ọ́. Ìyá Olúwatóyìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, ń bọ̀ wá kí ọmọ wọn lọ́hùn-ún, àwọn ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Múyìwá, Ẹ̀gbọ́n wa ò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì, Àkàngbé ọmọ ìyá mi, àwọn tí wọ́n kọ́ èmi àti ìwọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn ní Múṣín. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó fà á. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti sin wọ́n, o mọ ìṣe àwọn Mùsùlùmí. Èmi ò sí níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo, mi ò da ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan sára wọn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, òun ni mo fẹ́ rò fún ọ, torí kò sí ẹlòmíì tó mọ àwa méjèèjì láti kékeré.

O mọ bí a ṣe jẹ́. Bàbá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Màmá wa, ọmọ Àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n dàgbà lọ́dọ̀ bàbá Màmá, wọ́n ń kírun. Èmi dàgbà lọ́dọ̀ Bàbá, mo ń kọrin nínú ìjọ. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ló dé. Bí Iléyá bá dé, itan ọ̀tún àgbò Ẹ̀gbọ́n, tèmi ni. Kò sí ọdún tí kì í dé Àgùdà nínú abọ́ tánganran Màmá, èyí tó ní òdòdó pupa nídìí. Bí Kérésì bá dé, ìkòkò ìrẹsì tí Fúnlọ́lá bá kọ́kọ́ sọ̀, abọ́ yẹn náà la ó fi bù ú lọ sí Múṣín kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣíbí kàn án nílé mi. Nígbà tí Màmá kú tí a pín ẹrù wọn, abọ́ yẹn nìkan la ò pín. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ní ọjà Ládìpọ̀ náà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi wà ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ àti gíàbọ́ọ̀sì là ń tà. Etí ni Ẹ̀gbọ́n fi ń mọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á dijú, wọ́n á fetí sí i, wọ́n á ní kí wọ́n gbé èyí kúrò, kò ní pẹ́ kú. Èmi ni mo ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló dùn. Ẹnu yẹn náà ló wá kó bá mi.

Nígbà tí èmi àti ìwọ ń múra Jerúsálẹ́mù, Ẹ̀gbọ́n fi owó kún owó mi. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí ń bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n nínú ìrìn àjò onígbàgbọ́. Wọ́n ní ìlú àwọn wòlíì ni, gbogbo wa ló ni ín. Nǹkan kan péré ni wọ́n bẹ̀ mí: kí n dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí Bàétùlì-Mukàdísì, kí n dúró níbẹ̀, kí n dárúkọ Màmá fún Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n gbà á bí mo ṣe ń gba àdúrà tèmi, kò sí ìjà níbẹ̀, kí n ṣáà ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo ní mo gbọ́.

Ìwọ gan-an mọ̀ pé mi ò débẹ̀. Ọ̀sán tí wọ́n fi wá sílẹ̀ ká rìn kiri, òróró ólífì ni èmi àti ìwọ ń ná. Ẹni tó ń darí wa ti ní ká má gba apá ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Fọ́tò tí o yà mí lórí Òkè Ólífì, tí òrùlé wúrà ọgbà mọ́ṣáláṣí yẹn ń dán lẹ́yìn mi lókèèrè, òun ni mo gbé délé. Ẹ̀gbọ́n bi mí, mo ní mo dúró níbẹ̀, mo dárúkọ Màmá. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi fírémù sí fọ́tò náà, wọ́n gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí oníbàárà tí wọn kì í fi hàn: àbúrò mi rèé, JP, arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù, ó bá Màmá wa gbàdúrà ní Bàétùlì-Mukàdísì. Irọ́ ni, Múyìwá. Nígbà tó pẹ́, èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Sátidé yẹn dé, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí àwọn agbébọn láti Gásà ya wọ Ísírẹ́lì. Fídíò kún fóònù mi. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pa níbi tí wọ́n ti ń jó, àwọn arúgbó tí wọ́n wọ́ lọ nígbèkùn. Mo sunkún, mi ò parọ́. Ní ìjọ wa, wọ́n gbé àsíá Ísírẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Èmi náà ra kékeré kan, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n padà sídìí ẹ́ńjìnnì wọn. Kò pé oṣù kan, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fóònù tiwọn náà: àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń hú jáde lábẹ́ ilé tó wó ní Gásà. Ẹ̀gbọ́n náà so àsíá Palẹsítínì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ ìyá kan náà, àsíá méjì, kò sì sí ti Nàìjíríà níbẹ̀.

Ìbá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lójú oníbàárà. Èmi á ní Ọlọ́run ló fún wọn nílẹ̀ yẹn, pé mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ni wọ́n pa ní Yúróòpù kí àwọn tó ṣẹ́kù tó rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n á ní àwọn ò jiyàn ìyẹn. Wọ́n á ní ṣùgbọ́n lọ́dún 1948 tí àwọn kan ń wọlé, àwọn míì ló ń di ẹrù jáde, wọn ò sì tíì padà wọlé títí dòní. Wọ́n wá ní kí n rántí àbúrò Bàbá wa obìnrin, tí ilé wọn jóná ní Modákẹ́kẹ́. Ifẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ni, Modákẹ́kẹ́ ní ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá àwọn sí, Yorùbá sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ta ni mo máa ní kó lọ síbo nínú wọn. Kàkà kí n dákẹ́, ńṣe ni inú tún bí mi sí i.

Sọ́ńdè kan, bí mo ṣe ti ìjọ dé, mo gbé fídíò kan sórí wásáàpù ẹbí, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀jẹ̀ ìpànìyàn ló wà lára yín. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ọmọ àti ìyàwó ilé ti lè kà á, èmi tí Mùsùlùmí bí. Gbólóhùn kan péré ni Ẹ̀gbọ́n kọ padà. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa kan náà ni, Àlàó."

Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ tí wọ́n pè mí ní Àlàó nìyẹn. O mọ̀ pé Màmá ló ń fi oríkì pè wá. Lẹ́yìn Màmá, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù. Láti ọjọ́ yẹn, JP ni wọ́n ń pè mí. JP, oníbàárà rẹ dé. JP, bá wọn gba owó. Èmi náà sọ wọ́n di Àlájì. Bí ẹni kọjá lọ bá gbọ́ wa, á rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo pe káfíńtà, mo fi pákó la ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Ẹ́ńjìnnì bọ́ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, gíàbọ́ọ̀sì bọ́ sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì á gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, á jáde, á tún gba tèmi wọlé. Àwọn kan ń fi wá rẹ́rìn-ín. Bàbá Òkìkíọlá, mẹkáníìkì àgbà kan tó ti ń bá wa ra ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, bi mí lọ́jọ́ kan pé ibi tí a ń torí ẹ̀ jà yìí, ta la mọ̀ níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo lè dárúkọ.

Ìwọ náà sì gbìyànjú. Nínú oṣù kejì ọdún yẹn, o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí mi. O sọ ti ìyá arúgbó rẹ, bí wọ́n ṣe kó wọn kúrò ní Bàgídáádì nílẹ̀ Lárúbáwá torí pé Júù ni wọ́n, ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú àpótí kan, bí wọ́n ṣe gbé inú àgọ́ kí òbí wọn tó rí yàrá kan, àti bí wọ́n ṣe pa ọmọ ọmọ wọn ní Sátidé burúkú yẹn. O sọ ti nọ́ọ̀sì Lárúbáwá tó ń wá gún wọn lábẹ́rẹ́, tí àbúrò ìyá rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin kú lẹ́ẹ̀kan náà ní Gásà. O ní lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì náà gún abẹ́rẹ́ tán, kò lè dìde mọ́. Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Lárúbáwá bá a sọ̀rọ̀, èdè ìgbà èwe wọn tí o ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú títí omi tíì tí o gbé fún wọn fi tutù. O ní, "Ọláolú, jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ eléyìí."

Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìwọ náà ni mo tún bínú sí. Mo ní lọ́dọ̀ àwọn Júù lo ti ń jẹun, o wá ń gbè sẹ́yìn Lárúbáwá. Ìdí tí o ò fi gbúròó mi mọ́ láti ìgbà náà nìyẹn, kì í ṣe pé fóònù mi bàjẹ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Pákó yẹn ò nípọn. Ká ní mo kàn gbé fóònù sórí tábìlì tí mo tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n á ti gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ tiwọn.

Iléyá ọdún yẹn, Lateefah gbé abọ́ Màmá dé. Àkọ́bí Ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà nígbà tí o rí i kẹ́yìn, ó ti di tíṣà báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì Àgùdà, Àlájì ní kí n gbé tiyín wá." Itan ọ̀tún ni, tútù báyìí. Mo ní kó gbé e padà, kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé mi ò jẹ ẹran Iléyá mọ́. Fúnlọ́lá sáré jáde láti kíṣìnnì, ó di abọ́ náà mú, ó ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ padà. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà gbogbo wọn.

O mọ ohun tí ẹran Iléyá tó bá padà sílé ń wí, Múyìwá. A máa ń jà, a máa ń yan ara wa lódì. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá ẹran Iléyá padà? Ọ̀tá gan-an á gbà á, á dúpẹ́, tí kò bá tilẹ̀ ní jẹ ẹ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Wọ́n ní kí wọ́n fọ abọ́ náà, kí wọ́n gbé e sókè, pé Iléyá kan ò jọ kan.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún yìí, ìjọ wa pe àdúrà ọjọ́ mẹ́ta ní àgọ́ kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ohun tí a torí ẹ̀ lọ ni pé ká gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu géètì kí ọkàn wa má baà pín sí méjì. Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, orí eékún ni mo wà láti ìdájí. Àsìkò yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá àsùbáà. Lateefah pè mí, kò wọlé. Ó sáré wá sí Àgùdà. Fúnlọ́lá náà pè mí títí, fóònù mi wà nínú àpò lẹ́nu géètì. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dákẹ́, àwọn Àlùfáà ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́, Lateefah ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, Dádì Àgùdà ń bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àílà ni wọ́n gbé wọn lọ. Ìyàwó mi ló dúró fún mi lẹ́bàá sàréè.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo lò ní Jerúsálẹ́mù láyé mi, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ Ọlọ́run nítorí àlàáfíà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá àlàáfíà rẹ̀. Pásítọ̀ ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ẹ̀bi mi ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gba fóònù mi. Láti àgọ́, Múṣín ni mo gbà lọ tààrà. Àǹtí Àmínát, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ti wà nínú opó. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè dìde. Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú, pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi: "Ṣé Àlàó ti dé?" Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Àǹtí Àmínát parọ́ fún wọn, wọ́n ní mo ti dé, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má dúró níta, kí n wọlé. Wọn ò sọ nǹkan míì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Iléyá. Ẹ̀gbọ́n ti ra àgbò sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ó wà ní ìso lẹ́yìnkùlé wọn. Mi ò retí nǹkan kan. Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, Lateefah kanlẹ̀kùn. Abọ́ Màmá ló gbé dání. Kò ní Àlájì ní kí òun gbé e wá. Ó kàn ní, "Dádì Àgùdà, tiyín rèé." Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi bóyá mo tún máa dá a padà. Mo gbà á. Mo gbé e wọ kíṣìnnì, mo jókòó sílẹ̀ tì í, mo sunkún bí ọmọdé. Fúnlọ́lá sè é. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè gbà kí wọ́n fi tọrẹ. Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn.

Lateefah ló ń wá sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo mú òòlù lọ, mo fẹ́ wó pákó yẹn. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná." Mo gbé òòlù sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti la ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò mi ṣì wà lára ògiri níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo àsíá, gbogbo pákó, gbogbo ẹran tí mo dá padà, wọn ò yọ ọ́. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lateefah ní títí tí bàbá òun fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé àbúrò àwọn ló bá Màmá gbàdúrà níbẹ̀.

Bá mi kí ìyá arúgbó rẹ. Bá mi kí nọ́ọ̀sì náà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣòfò lọ́dọ̀ yín, sọ èyí tó bá yẹ fún oníkálukú wọn. Fúnlọ́lá ní kí n fi ẹsẹ̀ bàtà rẹ rán Ìyá Olúwatóyìn, mo ní ẹrù wọn ti wúwo. Àwọn ọmọ ń kí ọ. Lateefah pàápàá ní kí n kí Bọ̀ọ̀dá Múyìwá tó máa ń ra gúgúrú fún òun.

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀ kan. Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n rán mi lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́rùn mi. Èmi ò lè wá mọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbà, ojú sì ń tì mí. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dára, tí ìyá bá yọ̀ǹda rẹ, bá mi dé Jerúsálẹ́mù. Má fi ara rẹ wewu o, bí o bá rí i pé ibẹ̀ ò rọgbọ, padà, kí o tún lọ lọ́jọ́ mìíràn. O ò ní láti wọlé. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn ni kí o dúró sí. Dárúkọ Màmá, Àṣàkẹ́ ọmọ Àlùfáà. Lẹ́yìn náà, dárúkọ Àkàngbé. Sọ fún Ọlọ́run pé iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó dé. Má ní JP ló rán ọ. Ní Àlàó ni, pé ó ti dé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

                                        Èmi tí mo ṣì ń bá ọ di báàgì mú,
                                        Ọláolú Àlàó.